“Kò Sí Ẹni Tí Ó Kú”

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé sọ ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lórí ohun tí kẹ́míkà olóró ń ṣe fún odò àti ilẹ̀ wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìpalára tí oògùn olóró ń ṣe fún ohun alààyè inú igbó àti inú odò, àti bí a ṣe lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì o. Ìwé ẹ̀rí poli ni mo ní, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo sì ń ṣe fún ìjọba láti ọdún tó pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí ó ti kàn mí gan-an, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn obìnrin mẹ́rin wá bá wa láti abúlé kan. Wọ́n gbé abọ́ kan tí wọ́n fi ewé bò. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹja ni mo rí: àrọ̀ méjì, epìyà kéékèèké púpọ̀, àti akàn mẹ́ta. Wọ́n ní bí àwọn ṣe bá odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, gbogbo ẹja léfòó, inú wọn funfun, ó dojú kọ òkè. Ìyá àgbà tí ó ṣáájú wọn sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, àwọn ọmọdé ti ń ṣà á lọ sílé o.”

Mo mú fọ́ọ̀mù jáde. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ọjọ́, ó béèrè ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó béèrè iye ẹni tí ó farapa àti iye ẹni tí ó kú. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni. Èmi náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Kò sí ẹni tí ó kú.” Mo fọwọ́ sí i, mo fi í sínú fáìlì. Ó di ọjọ́ kẹta kí a tó rí mọ́tò tí ó gbé wa dé odò náà. Omi ti mọ́ gaara, a ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ṣáájú wa bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó gbọ́n ọn dànù, ó ní, “Omi yìí kò ní nǹkan kan.” A padà sí ọ́fíìsì, fáìlì náà sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ará, àwọn obìnrin yẹn gbé ẹ̀rí wá fún mi. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe gbogbo ẹja tí ó bá kú ni oògùn pa, ó sì yẹ kí a mọ èyí kí a má baà fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, tí ewé jíjẹrà sì pọ̀ nínú rẹ̀, atẹ́gùn inú omi a máa dín kù, ẹja a sì kú. Irú ikú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìdájí. Àwọn ẹja ńlá ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, ẹ ó sì rí àwọn tí ó kù tí wọ́n ń la ẹnu lójú omi. Ṣùgbọ́n àrọ̀ kì í tètè kú irú ikú yẹn, nítorí àrọ̀ lè yọrí sókè kí ó mí atẹ́gùn tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tí ó bá ra àrọ̀ lọ́jà ṣe lè gbé e délé nínú bàsíà kó ṣì máa jà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí àrọ̀ kú, tí epìyà kéékèèké kú, tí akàn pẹ̀lú kú ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹ fura. Oògùn kì í wo ojú ẹni kankan. Gbogbo èyí ni ó wà nínú abọ́ ìyá àgbà yẹn.

Kí ni ó sì lè pa wọ́n? Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe, bí a tilẹ̀ ń dákẹ́ nítorí pé ọmọ ẹni ni, tàbí àbúrò ẹni. Ní ìgbà àwọn bàbá wa, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Gammalin 20, tí wọ́n ń fín sí kòkó nítorí kòkòrò tí ń fa omi ara rẹ̀. Lindane ni orúkọ kẹ́míkà inú rẹ̀. Àwọn apẹja kan rí i pé bí ó ti ń pa kòkòrò ni ó ń pa ẹja, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú odò jákèjádò ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi lindane kún àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fẹ́ mú kúrò lóko pátápátá, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ń pè ní ti Stockholm. Kì í tètè jẹrà, ó sì máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rá ẹran àti ẹja. Ẹni tí ó dà á sódò a kó agbọ̀n ẹja kan lọ sọ́jà, a ná owó rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹyin ẹja, ọmọ ẹja, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ àti kòkòrò tí ẹja ìbá jẹ, ó ti pa gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá wá ju àwọ̀n síbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀ yóò sọ pé ayé ti bàjẹ́.

Àwa tí a ń ka Bíbélì yẹ kí a ti mọ bí odò ṣe ń kú. Ẹ padà lọ wo ìwé Ẹ́kísódù, níbi tí omi odò Íjíbítì ti yí padà. Ẹja ni ó kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni odò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn kò lè mu ún mọ́, tí wọ́n wá ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri etí odò láti wá omi. Ẹja ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, ènìyàn ni ó gbẹ̀yìn. Fọ́ọ̀mù tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí omi tí ó mọ́ gaara yẹn. Omi ń lọ, ẹrẹ̀ ń dúró. Ohun tí wọ́n dà sínú odò ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lè ti rìn jìnnà nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Àìkú, tí igò omi tí a bá bù kò sì ní rí nǹkan kan sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé inú odò kò lè kó ẹrù wọn sá lọ, wọ́n wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ohun tí ó bá kọjá lórí wọn wà lára wọn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń ka àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ odò. Iṣẹ́ náà kò le púpọ̀. Wọn a lọ sí apá òkè odò, níbi tí omi kò tíì kan ibi tí wọ́n ń fura sí, wọn a yí òkúta, wọn a rú ẹrẹ̀, wọn a fi ajọ̀ gbọ̀n ọ́n, wọn a dà á sínú bàsíà funfun, wọn a sì ka ohun tí ó ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a lọ sí ìsàlẹ̀ odò, wọn a ṣe bákan náà, wọn a wá fi èkejì wé èkíní. Wọn a ṣe é ní ìgbà òjò, wọn a tún ṣe é ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí odò kì í rí bákan náà ní ìgbà gbogbo.

Ẹ̀yin ọmọdé, ṣé ẹ mọ lámilámi tí ń fò lórí omi? Inú omi ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, ó lè pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó hu ìyẹ́. Kòkòrò kékeré mìíràn wà lábẹ́ òkúta tí ó ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. Òun kì í fara da ìdọ̀tí rárá, bí omi bá ti bàjẹ́ díẹ̀, yóò lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan pupa kan wà bí ekòló tín-ín-rín, tí ó lè gbé inú ẹrẹ̀ tí ń rùn níbi tí atẹ́gùn kò ti tó. Bí apá òkè odò bá ní onírù mẹ́ta, tí ó ní ọmọ lámilámi, akàn, edé àti ìṣáwùrú, tí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ pupa yìí nìkan ni ó kún ibẹ̀, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín ibi méjèèjì, bí omi náà tilẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Ohun tí a kò rí mọ́ jẹ́ ẹ̀rí bí ohun tí a rí.

Ikú nìkan kọ́ sì ni ìpalára. Èyí ni ó wá kan oko tèmi fúnra mi.

Ní ọdún 2021 mo dá oko àgbàdo létí odò kékeré kan. Owó àgbàṣe ti wọ́n, mo ra oògùn apakoríko bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rà á. N kò ka ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo fín in tán, inú odò náà ni mo ti ṣan ẹ̀rọ ìfín tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún kejì, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọmọbìnrin mi bi mí pé, “Dádì, kí ló dé tí kọ̀ǹkọ̀ kò ké?” Ìgbà yẹn ni mo wá gálọ́ọ̀nù náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi awò ojú ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó wà lára rẹ̀. Atrazine ni.

Ní ọdún 2010, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, Tyrone Hayes, tẹ àbájáde ìwádìí jáde. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tọ́ akọ ọ̀pọ̀lọ́ 40, ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni o, sínú omi tí ó ní atrazine díẹ̀ nínú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn di abo: wọ́n gun pẹ̀lú akọ, wọ́n yé ẹyin, ẹyin náà sì pa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù jẹ́ akọ lójú lásán, wọn kò lè fún abo lóyún. Báwo ni kẹ́míkà náà ti pọ̀ tó? Ẹ fojú inú wo táńkà epo méjìlá, irú àwọn tí ń gbé 33,000 lítà, tí ẹ pọn omi kún gbogbo wọn, tí ẹ wá bu gíráàmù kan péré pín sí méjèèjìlá. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ó kéré sí èyí tí òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè nínú omi mímu. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe kẹ́míkà náà ta ko ìwádìí yìí gidigidi, àwọn onímọ̀ mìíràn náà sì ṣe tiwọn tí kò rí bákan náà, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù kò dúró kí àríyànjiyàn náà parí, wọ́n ti yọwọ́ atrazine lóko wọn láti nǹkan bí ọdún 2004. Nílẹ̀ wa, àjọ NAFDAC fi òfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì fi ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ṣe òpin fún atrazine.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Paraquat ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, nítorí ẹni tí ó bá gbé e mì kò ní oògùn tí yóò pa oró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ pinpin, kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Atrazine tí kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ ni ó ń bá ọ̀gbàrá rìn wọ odò. N kò ní sọ fún yín pé èmi ni mo pa kọ̀ǹkọ̀ lẹ́nu mọ́ létí odò yẹn. Mo kàn ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí n wá búra pé èmi kọ́, n kò ní lè búra.

Bí a bá wá kúrò ní oko tiwa, ẹ wo odò Ọ̀ṣun tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ. Láti Èkìtì ni ó ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba Òṣogbo, títí ó fi lọ sí ọ̀sà. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú 2022, omi odò náà yí padà, ó pọ́n bí omi amọ̀, nígbà tí àwọn tí ń wa wúrà ń hú ilẹ̀ ní apá Ìjẹ̀ṣà. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Urban Alert gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé àwọn bá mẹ́kúrì àti òjé nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2022, tí ọdún Ọ̀ṣun kù díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu omi náà. Àwa kì í lọ sí ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹja inú odò kò béèrè ẹ̀sìn ẹni tí ó ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dé ọjà wa.

Pípọ́n tí omi pọ́n, erùpẹ̀ ni. Erùpẹ̀ náà ní ìkà tirẹ̀: ó ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kí oòrùn dé ara ewé odò. Ṣùgbọ́n ojú kò lè rí mẹ́kúrì inú omi. Àwọn tí ń wa wúrà lọ́nà àdáṣe máa ń fi mẹ́kúrì kó ẹ̀kúnná wúrà jọ, wọn a wá fi iná sun ún kí mẹ́kúrì lè bá èéfín lọ. Èyí tí kò bá èéfín lọ a bá omi lọ. Bí ó bá dé inú ẹrẹ̀ odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò yí i padà sí irú tí ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kì í sì í tètè jáde lára. Ewé odò gba díẹ̀, kòkòrò jẹ ewé púpọ̀, epìyà jẹ kòkòrò púpọ̀, ẹja ńlá jẹ epìyà púpọ̀. Bí ó ṣe ń gòkè ni ó ń pọ̀ sí i. Ẹja tí ó tóbi jù nínú ọbẹ̀, tí wọ́n ń gbé orí rẹ̀ fún àwa bàbá ilé, òun gan-an ni ó ń ru ẹrù gbogbo wọn.

Ní ìlú Minamata ní orílẹ̀-èdè Japan, ilé-iṣẹ́ kan da mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ ènìyàn kan sílẹ̀, ẹja ti ń léfòó, kannakánná ti ń já bọ́ láti òkè, àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja sì ń ta gìrì, wọ́n ń jó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí wọ́n fi kú. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n tilẹ̀ fi sọ àwàdà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni àwọn dókítà tó kéde àrùn náà lára ọmọdé. Àwọn ìyá tí kò ní àìsàn púpọ̀ bí ọmọ tí kò lè jókòó, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró, àwọn tí ìjọba sì gbà pé àrùn náà mú lé ní 2,000. Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì ní ọdún 2013, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí òfin ní 2018.

A tilẹ̀ kò ní láti lọ jìnnà tó Japan. Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín agboolé níbi tí ọmọ wọn ti ń rákò. Ó lé ní 400 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ó kú. Níbẹ̀, ó ti pẹ́ jù kí fọ́ọ̀mù tó ní nǹkan láti kọ.

Mo rí i tí àwọn ìyá wa tí ń ṣe gàrí ń mi orí, bí ẹni pé iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ni gbogbo èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Sáyánáìdì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń yọ wúrà, irú rẹ̀ wà nínú gbágùúdá, pàápàá èyí tí ó korò. Bí a bá rin ín, tí a di í, tí a gbé òkúta lé e, inú omi tí ń ro sílẹ̀ yẹn ni púpọ̀ nínú oró náà ń bá jáde. Ẹ mọ̀ bí ewúrẹ́ ṣe máa ń rí tí ó bá mu ún. Bí omi yẹn bá wọ odò, ohun tí ó ń ṣe fún ewúrẹ́ ni ó ń ṣe fún ẹja. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọrùn ju ti mẹ́kúrì lọ, nítorí oòrùn àti atẹ́gùn máa ń tú u ká. Bí ẹ bá gbẹ́ kòtò sí ibi tí ó jìnnà sí odò àti sí kànga, tí ẹ ṣe ọgbà yí i ká nítorí ẹran, kò ní pẹ́ kí oró rẹ̀ tó lọ.

Ẹ dákun, gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà kò ṣeé fi pọn omi, kò ṣeé fi ra epo pupa, bí ẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ lù ú ní ihò kí ọmọdé má baà gbé e. Bí ẹ bá bá ẹja tí ó léfòó, ẹ má ṣe sè é. Ẹ bu omi sínú igò mímọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ bu ẹrẹ̀ sínú òmíràn, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lára, ẹ gbé e sí ibi tútù, ẹ sì kọ irú ohun tí ó kú sílẹ̀, láti orí ẹja dé orí ìṣáwùrú. Àjọ NESREA tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 ni irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ní Èjìgbò níbí, kò jìnnà sí wa, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì mọ̀ nípa ilẹ̀ àti omi ju èmi lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ní aago méje òwúrọ̀, a ó pàdé ní ìdí afárá. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ajọ̀ kan àti bàsíà funfun kan wá. Àwọn ọmọdé ni yóò ka kòkòrò, àgbà kan yóò dúró tì wọ́n nítorí omi. A ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè odò, lókè gbogbo oko, kí a tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ oko tèmi. Mo ti fa ìlà fọ́ọ̀mù tuntun sínú ìwé àkọsílẹ̀. Mo lọ bá ìyá àgbà ọjọ́ yẹn ní abúlé rẹ̀ láti pè é. Ó wò mí títí, ó bi mí bóyá fọ́ọ̀mù ti ọ̀tẹ̀ yìí ní àyè fún akàn. Mo ṣí ìwé náà, mo fi hàn án. Ó ní òun yóò wá.